Irin Tí Mo Fi Dí Ilẹ̀kùn Lọ́rì Bàbá Kúdí

Ẹ bá mi kan sáárá sí àwọn tó ń ta ayẹta! Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Wọ́n á so oògùn mọ́ adìyẹ lọ́rùn, wọ́n á ní kí ọdẹ yìnbọn sí i, adìyẹ á sì máa ṣa ọkà jẹ lọ. Ta ló mọ̀ pé wọ́n ti bu ẹ̀tù inú ìbọn kù kí èrò tó pé? Irú iyì bẹ́ẹ̀, kékeré kọ́!

Ó dáa, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí àwọn sójà wa ń lọ sí Làìbéríà.

Iba ni mò ń gbé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Okokomaiko. Mo ti jáde yunifásítì, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bàbá Kúdí, sójà tó ń wa lọ́rì ní bárékè Ọ̀jọ́, ni yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹgbẹ́ ni wá, síbẹ̀ "Ẹnjiníà" ló ń pè mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà rí o, àmọ́ ṣé mo sọ fún un?

Nígbà tí wọ́n ní ó máa lọ sójú ogun, ó ra ayẹta. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀tù bíbù fún un. Mo wá fa ìwé òyìnbó kan yọ, mo ní kó wò ó, àwọn olóye ń dán ara ọkọ̀ ogun tuntun wò: wọ́n ń fi ohun líle bíi táìlì sáàárín irin méjì. Bí ọta bá kàn án, ẹnu ọta á fọ́; táìlì á fọ́ pẹ̀lú, irin ẹ̀yìn á wá gba ìyókù.

Irú táìlì wo? Báwo ló ṣe nípọn tó? Ìwé ò sọ, èmi náà ò béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n dákun, kí n ṣe é fún bàbá ọmọ òun. Kí ni mo fẹ́ sọ? Táìlì balùwẹ̀ ni mo rà. Wẹ́dà kan létí títì fi irin bò ó níwájú lẹ́yìn.

Bàbá Kúdí ní àfi ká dán an wò bíi ti ayẹta. A wọ igbó ẹ̀yìn Iba lọ, a so àkùkọ sẹ́yìn irin, ọdẹ kan sì yin ṣakabùlà rẹ̀. Èéfín bo gbogbo wa. Kó tó lọ tán, àkùkọ ti kọ! Ìyá Kúdí kúnlẹ̀ kí mi. Ọkọ rẹ̀ tú ayẹta kúrò lára, ó sọ ọ́ sígbó, ó sì gbé irin mi lọ dí ilẹ̀kùn lọ́rì rẹ̀.

Iyì dé! Àmọ́ gbogbo ìgbà tí rédíò bá ti dárúkọ Làìbéríà ni mò ń yí i pa.

Ọ̀pá ni Bàbá Kúdí fi ń rìn nígbà tó ti ojú ogun dé. Ọta ti gba irin mi kọjá bí ẹní fọwọ́ gún ẹ̀kọ, ó wọ itan rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ó bú mi? Ó ń dúpẹ́ ni! Ó ní bí kì í bá ṣe irin yẹn, ọta náà ì bá gé ẹsẹ̀ òun lọ. Ó tún mú sójà kan dání, kọ́púrù kan tí òun náà ń lọ sójú ogun.

"Ẹnjiníà, ẹ bá àbúrò mi ṣe tiẹ̀."

Mo wo ọ̀pá yẹn. Mo ní irin náà ò dára, kí wọ́n má gbé e lọ.

"Ṣebí ìṣojú gbogbo wa ni àkùkọ ti kọ?"

Mo bá jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí mi.

"Tísà, o sì fi ayẹta mi rẹ́rìn-ín."

Kò pè mí ní Ẹnjiníà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan, kó jẹ́ kí wọ́n dán an wò dáadáa, pàápàá bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti fi ẹ̀mí ẹnìkan wá iyì rí? Ẹ sọ tiyín, mi ò lẹ́nu tí mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkùkọ yẹn, kí àwọn yòókù tó jí, mo ti lọ bá ọdẹ náà nílé. Mo ní kó bu ẹ̀tù kù.