Àjà Kẹta Ni Wọ́n Ti Ń Wo Orúnkún

Ìyá Aláṣọ ti kú. Orí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sìn ló ti ṣubú, ó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun. Ẹ bá mi kí àwọn ọlọ́gbọ́n tó gbé ibi ìtọ́jú orúnkún sí àjà kẹta. Wọ́n kú làákàyè.

Àbúrò ìyá mi ni. Òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn, tó ń rù ú ní tútù lọ sórí òrùlé, níbi tí wọ́n ti ń sá a. Ẹ̀rọ agbénisókè wà o. Ọ̀gá àgbà ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ní omi aṣọ á bà á jẹ́.

Nígbà tí orúnkún ọ̀tún wú, dókítà ìsàlẹ̀ wò ó fìrí. “Màmá, àgbà ló dé.”

“Dókítà, ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ṣì ń gòkè, ó ń sọ̀. Àbí èmi ni mo bí i ni?”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní oògùn ara ríro.

Àgbà! Ṣé àgbà ló ń ru aṣọ tútù ni? Ohun rírọ̀ kan ló bo orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé. Bí ìyẹn bá ti jẹ, eegun á máa gbo eegun. Lóòótọ́, ọjọ́ orí ń dá kún un, ó sì lè wà nínú ìdílé. Ẹrù wúwo ojoojúmọ́ ńkọ́? Ọgbẹ́ àtijọ́ ńkọ́? Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń kó aṣọ gbá orúnkún yẹn gan-an. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo rántí bó ṣe máa ń fi omi gbígbóná jó o, tó ń bá a sọ̀rọ̀: “Ìwọ yìí, má dójú tì mí lọ́la o.” Àárò rẹ̀ ń sọ mí, inú sì ń bí mi.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn wọn ní ogbó ló pa á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Wọ́n ní ó ti lọ sinmi. Ta ni kò jẹ́ kó sinmi látọjọ́ yìí?

Láàárọ̀ yìí, obìnrin mìíràn ti ń ru aṣọ tútù gòkè. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ọ̀gá àgbà, ìbéèrè kan péré ni mo ní, gbangba ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti dáhùn. Ọjọ́ tí Ìyá Aláṣọ kú, ẹ ṣí ẹ̀rọ yẹn, ẹ fi gbé òkú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò ṣí i nígbà tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè?