Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Gbà Nítorí Ajá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ìyá mi kú. Lákọ̀ọ́kọ́, Ọlọ́run ló pè é, nínú ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn tó ti gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo pa á, nínú ọ́fíìsì wa ní Onitsha, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nítorí pé ajá mi kú, ojú sì ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àwòrán ọ̀nà ni mò ń ṣe nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi lọ síbẹ̀ nígbà tí ogun parí, kí n wà lára àwọn tí yóò yàwòrán títì àti afárá kéékèèké tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ìyàwó mi ní òun kò lè kó ọmọ lọ síbi tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ sí, ó bá jókòó sí Ìbàdàn. N kò bá a jà. Ilé tí wọ́n fún mi, ihò ọta pọ̀ lára ògiri rẹ̀ débi pé mo máa ń fi ìwé ìròyìn dí wọn nígbà ọyẹ́. Ajá yẹn ni mo bá níbẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tí kò tíì sanwó. Nílẹ̀ wa, orúkọ òwe la máa ń sọ ajá, kí a lè máa fi pe aládùúgbò tó ń yọ wá lẹ́nu láìdárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi orúkọ òwe ṣe láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá? Mo sọ ọ́ ní Bíńgò, bíi gbogbo ajá Nàìjíríà.

Ọdún mẹ́rin la fi jọ gbé. Àwọn Yorùbá wà nílùú náà o, télọ̀, onídìrí, àti àwọn tó ń se oúnjẹ tà ní Relief Market, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń rí wọn, èmi náà kì í sì í ṣe ẹni tí ń ya ilé kiri. Láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, ajá yẹn nìkan ló ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi. Ó mọ “jókòó”, ó mọ “ó tó gẹ́ẹ́”, ó sì mọ ohùn tí mo máa ń lò nígbà tí àárò ilé bá ń sọ mí. Tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, á wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀.

Ọdún tí ìjọba fi owó kún owó oṣù, tí wọ́n sì san gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ó kú. Gbogbo ayé ló ra nǹkan tó ní ẹ́ńjìnnì lọ́dún náà. Ẹni tí kò ra mọ́tò ra alùpùpù, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n wà ń kọ́ ọ lójú títì gbangba. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga mọ́tò rẹ̀, ló gbá ajá mi níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo iwájú mọ́tò bóyá ó ti ha, ó ní “Sorry, oga,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbé ajá náà wọlé. Kò pẹ́ púpọ̀ kó tó kú. Mo sin ín sẹ́yìn ilé, mo to òkúta yí i ká, mo sì sunkún. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fa ìlà kan kó gún. Mo bá wọlé tọ ọ̀gá mi lọ. Ọmọ Igbo ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ pijin sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Sà, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí.” Ó gbójú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀, ó ní, “Ta ló kú?”

Kí ni ǹ bá wí? Kò sí ilé kan nílùú náà tí ogun kò mú ẹnì kan lọ níbẹ̀. Ṣé kí n wá la ẹnu níwájú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kí n ní ajá ni? Kí n tó ronú tán, ẹnu mi ti sáré ṣíwájú: “Ìyá ìyá mi ni.” Mo rò pé mo gbọ́n. Lọ́dọ̀ wa, òkú àgbà kì í ṣe ohun tí à ń bú sẹ́kún sí, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tí yóò wá ìdí rẹ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú sàréè, irọ́ mi kò lè pa á lára. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn yẹn kì í fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò wá bá ọ jókòó nílé. Èyí kò tíì burú. Wọn yóò tún bá ọ lọ sí ìlú rẹ lọ sin òkú, kí àwọn ará ilé rẹ lè rí i pé o ní ènìyàn níbi tí o wà.

Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ kejì, mọ́tò ọ́fíìsì dúró níwájú ilé mi. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ìyá tó ń bá wa tẹ̀wé náà sọ̀kalẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń tún Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe láìsọ fún wa. Wọ́n gbé ọtí àti obì wá. Ọ̀gá gbàdúrà sí obì fún ìyá ìyá mi, pé kí ọ̀nà ọ̀run là fún un. Lẹ́yìn èyí ló ní òun ti buwọ́ lu ìwé mọ́tò fún ọjọ́ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò bá mi lọ sí Ìjẹ̀bú. Awakọ̀ ní òun ti yẹ táyà wò.

Mo rí ìyá mi lọ́kàn, bó ṣe máa jáde síta bá àwọn àlejò tó wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n gbé ọtí wá fún òkú tó ti sin tipẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ. Mo ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, kò sí òkú kankan ní Ìjẹ̀bú. Ajá mi ló kú.”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọ̀gá, ó sì gbé ẹ̀rín mì.

“Na dog?” Ọ̀gá tí kì í sọ pijin sí wa ló wí bẹ́ẹ̀.

“Na dog, sà.”

Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí n wá rí òun lọ́la. Kò gbé ohùn sókè rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Òun àti awakọ̀ lọ dúró sídìí mọ́tò.

Ìyá náà kò dìde. Ó ní, “Where you bury am?” Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ó wo òkúta tí mo tò, ó wò ó pẹ́. Mo ti ń retí èébú, ó sì tọ́ sí mi. “Ndo,” ni ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣòfò, tí wọ́n sì fi ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ.

Ó wá sọ ọ́ fún mi ní pijin, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àná. Nígbà tí wọ́n ń sá kúrò nílùú, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́ta, kú sí i lẹ́yìn nítòsí Nkwelle Ezunaka. Ibà ni, kì í ṣe ìbọn. Igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí odò. Ó fi abọ́ onírin gbẹ́ ilẹ̀ sídìí rẹ̀, ó sin ọmọ náà, ó sì tẹ̀ lé àwọn tó kù, nítorí wọn kò lè dúró dè é. Ogun ti parí tipẹ́ kó tó lè padà lọ síbẹ̀. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà, igi kò sí mọ́, gbogbo ibẹ̀ ti dà bákan náà.

“I no siddon one day for am,” ó wí. Kò ráàyè jókòó ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mo mọ igi náà. Ọ́fíìsì wa ló fẹ ọ̀nà yẹn, èmi ni mo sì yàwòrán rẹ̀. Igi mẹ́tàdínlógún la gé, ọ̀kan péré ló jẹ́ àgbálùmọ̀ lẹ́bàá odò. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló tẹ lẹ́tà tí a fi ní kí wọ́n gé wọn. Nọ́ńbà nìkan ló wà nínú lẹ́tà náà, kò sí bó ṣe lè mọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi ọjọ́ kẹta mi sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá. Ó fún mi ní kúérì, mo sì dáhùn rẹ̀ níbẹ̀ pé mo purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ àwòrán ọ̀nà sórí tábìlì rẹ̀, mo fi ìka síbi tí mo ti fa àmì gígé sórí igi náà, mo sì ròyìn ohun tí mo gbọ́. Ó wò ó títí. Ó ní òun ti buwọ́ lu ìwé mọ́tò ti Sátidé, òun kì í sì í pa ìbuwọ́lù òun rẹ́.

Mo ní láti sọ fún ìyá náà pé àwa la gé e. Mo rò pé yóò gbá mi létí. “You sure of the place?” ló béèrè. Mo ní ìwọ̀n kì í purọ́, bí ẹni tó wọ̀n ọ́n tilẹ̀ ń purọ́.

Àwa mẹ́rin la lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Láti orí afárá odò náà, awakọ̀ di orí téèpù ìwọ̀n mú, mo wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, mo sì yà sí òsì. Mo ti ń gbàdúrà kó bọ́ sínú igbó. Orí ọ̀dà ló bọ́ sí, níbi tí táyà ń gbà. Mo tún un wọ̀n, ibì kan náà ni. Mo fi ẹfun sàmì síbẹ̀, mo sì kúrò lọ́nà.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró lórí ọ̀dà gbígbóná. Awakọ̀ na ọwọ́ méjèèjì láàárín títì. Lọ́rì sìmẹ́ǹtì kan ń fọn fèrè kíkankíkan, títí ọ̀gá fi rìn lọ bá a sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ìyá náà pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. N kò ní kọ orúkọ yẹn síbí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá nígbà tí ìyá náà gbé lẹ́tà kan wọlé tó fi tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan. Ohun tó kọ bí ìdí ni pé ọmọ òun kú. Ọ̀gá kà á, ó buwọ́ lù ú, kò sì béèrè ìgbà tó kú.