Ojú ológbò ìyá mi

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́: láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ológbò rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Láàárọ̀ yìí, ó forí gbá ìlẹ̀kùn tó ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Mo gbé e lọ bá dókítà ẹran ní Èrúwà.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan, tanná sí i lójú. "Dádì, kí lẹ fi ń bọ́ ọ?"

"Oúnjẹ gbígbẹ ni o. Mi ò fún un ní àjẹkù rí." Mo tiẹ̀ fi ń yangàn. Mo fa ọ̀rá rẹ̀ yọ.

Ó wò ó. "Oúnjẹ ajá nìyí, sà. Ohun tí ojú ológbò nílò ò sí níbẹ̀."

Inú àpò ńlá ni ìyá tó ń tà á ti ń fi kóńgò bù ú fún wa, a kì í rí ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Mo bi í nígbà kan bóyá ológbò lè jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹran ṣáà ni. Àbí ológbò tiyín ń gbààwẹ̀ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo bi dókítà náà pé, "Ṣé á tún ríran?"

"Èyí tó ti lọ ti lọ, Dádì. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìwọ̀nba tó kù."

Ó ní kí n ra ti ológbò gan-an, èyí tí wọ́n kọ ẹran tàbí ẹja ṣáájú àgbàdo sí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò, èwo lẹ ń rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ Ìbàdàn, màá sì ka ara àpò náà tán kí n tó rà á.