Ilẹ̀ Dúdú Tí A Kó fún Ìyá Onílé

Òórùn epo náà ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ó dà bí ẹni po káfúrà mọ́ òróró tí wọ́n fi dín ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n wá gbàgbé sínú oòrùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ imú, á tẹ̀ lé èèyàn délé, á sì jókòó tì í nídìí oúnjẹ. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe nígbà náà ní Ìbafò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kan tí wọ́n ti ń tú ògbólógbòó tìránsífọ́mà, kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀ tà. Bàbà nìkan ni wọ́n ń wá. Epo rẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ọdún dé ọdún, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dúdú, tó sì ń dán bí ìdí ìkòkò. Bí òjò bá rọ̀, omi tó dúró lórí rẹ̀ á yọ àwọ̀ òṣùmàrè.

Mi ò mọ̀ pé ohun ìríra ni. Gbogbo àwa wẹ́dà là ń ra epo yẹn, torí òun la ń dà sínú ẹ̀rọ ìjórin kó má baà gbóná jù. Apá mi á wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Bí eékún bá ń ro mí, màá fi pa á bí àwọn ọ̀gá wa ti ń ṣe, màá sì fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ̀bà.

Orí fóònù ni mo ti kà nípa àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹrà. Bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà ni mo ṣe ń kà á, mi ò lè dáwọ́ dúró. Mo kà pé ẹbí kan wà tí wọ́n ń pè ní PCB, pé inú epo tìránsífọ́mà àtijọ́ ló pọ̀ sí, pé ẹbí náà ní ọmọ igba ó lé mẹ́sàn-án, àti pé iye èròjà tí wọ́n ń pè ní kiloríìnì tó so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti so ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi kì í fọ̀ wọ́n lọ. Ọ̀rá ni wọ́n ń wá: ọ̀rá ẹja, ọ̀rá adìẹ, ọ̀rá èèyàn. Kò pẹ́ tí mo fi di olùkọ́ níbi tí ẹnì kankan kò pè mí sí.

Mo rí i pé àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan nílẹ̀ wa àti òmíràn ní Yúróòpù ti pawọ́ pọ̀ láti wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kàn, kí wọ́n sì wá bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta sí wọn, mo fi fọ́tò sí i, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn gígùn àti ìbú ilẹ̀ dúdú náà. Wọ́n dáhùn pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àlejò ń bọ̀. Kí ni a máa ń ṣe bí àlejò bá ń bọ̀? A máa ń gbálẹ̀ ni. Èmi tí mo mọ gbogbo ẹbí PCB yìí, èmi náà ni mo lọ bá alága àwọn onílé àdúgbò, tí mo ní ìtìjú ni kí òyìnbó bá ilẹ̀ wa bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, a kó ṣọ́bìrì jáde. A ha ilẹ̀ dúdú náà dé ọrùn ẹsẹ̀, bárò mẹ́tàlélógún, èmi ni mò ń kà á. A da ilẹ̀ pupa lé ibẹ̀, a sì wọ́n omi ọṣẹ sí i.

Ìyá onílé mi, àgbàlagbà tí ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé rẹ̀, ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ pé kí a bá òun dí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la dà á sí. Ó ṣàdúrà fún wa títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn adìẹ rẹ̀ ti ń ha á, wọ́n ń yíràá nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn ò sọ ti ẹni tó da epo sẹ́yìn ilé onílé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, olùwádìí yunifásítì ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní dókítà, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òyìnbó obìnrin kan tẹ̀ lé e. Dókítà wo ilẹ̀ pupa, ó wò mí.

"Ilẹ̀ tí ẹ yà ní fọ́tò dà?"

"A ti tún un ṣe dè yín, sà." Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ó sọ ọ́ fún obìnrin náà lédè tiwọn. Obìnrin náà kàn dijú ni. Dókítà wá bi mí, jẹ́jẹ́, pé ibo la kó o sí. Ibẹ̀ ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó yẹ kí ìwé kíkà mi ti gbé e dé. Mo kàn ṣáájú wọn lọ sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí wọ́n bu ilẹ̀ tán, wọ́n béèrè ẹyin. Dókítà ní ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri máa ń sọ àṣírí ilẹ̀, nítorí ọ̀rá inú pupa rẹ̀. Ìyá fún wọn ní mẹ́fà. Wọ́n kó o lọ sókè òkun, torí ẹ̀rọ tó lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí.

Mo bẹ Ìyá kó má jẹ ẹyin mọ́. Ó bi mí bóyá èsì ti dé, mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé kí n wá máa da oore Ọlọ́run nù nítorí ohun tó o rí nínú fóònù?" Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti Àgbàdo wá sinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí oyún, ń jẹ ẹyin sísè kan láràárọ̀. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ èèpo rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Oṣù mélòó kan kọjá kí dókítà tó fúnra rẹ̀ mú èsì wá. Ẹyin náà kọjá ohun tó yẹ kó wọ ẹnu èèyàn, ó kọjá jìnnà. Èmi ni mo lọ sọ fún Ìyá. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀.

"Ìwọ lo kó o wá fún mi," ló wí. "Mo sì ṣàdúrà fún ẹ."

Ó pa gbogbo adìẹ náà, ó sì ní kí n sin wọ́n. Jálẹ̀ oṣù ààwẹ̀, kò dáhùn ìkíni mi.

Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin Ìyá bímọ, tí wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan yìí. Ṣé kí n máa fún un lọ́mú?"

Mo pe dókítà, dókítà béèrè lọ́wọ́ àwọn tòkè òkun. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: kó máa fún un, oore tó wà nínú ọmú ju ewu rẹ̀ lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èyí tó kù, tí mo ti kà, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni kẹ́míkà yìí fi ń kúrò lára èèyàn, àti pé ọ̀nà tó yá jù tó ń gbà jáde lára obìnrin ni wàrà ọmú, mo gbé e mì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi, ó ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu. Mo bọ́ síta, mo sì bì.

Àwa àti àwọn olùwádìí wọ ìbọ̀wọ́, a kó ilẹ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀mù. Iná ààrò ńlá kan tí a kò ní nílẹ̀ yìí ló lè jó o run. Owó tí àwọn olùwádìí fi ń wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kàn ti tán; èyí tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́, wọ́n ti kọ̀wé béèrè, wọ́n ṣì ń retí èsì. Àwọn dúrọ́ọ̀mù náà wà nínú yàrá kan tí a tì pa. Àwọn tó ń tú tìránsífọ́mà ti kó lọ sí ọ̀nà Ifọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da epo tiwọn sílẹ̀ báyìí.

Ọmọ náà ti ń sáré. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ojú lásán ni mo fi ń wò ó, ojú kì í sì í rí inú ọ̀rá. Nígbàkigbà tó bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, mo máa ń pa ẹ̀rọ títí á fi lọ. Ìyá rẹ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó rò pé iná ìjórin ni mi ò fẹ́ kó wọ ọ lójú. Mi ò tíì sọ fún un pé kì í ṣe ìyẹn, pé epo tìránsífọ́mà yẹn ló ṣì wà nínú ẹ̀rọ mi.