Mọ́tò Bàbá Mi àti Ohun Kékeré Tó Kù

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwa la ní mọ́tò tó gùn jù ní Odode, ní Ìdànrè, àwa náà la sì ń fẹsẹ̀ rìn jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ná.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Lọ́dún tí kòkó pa owó gan-an, ó lọ ra ayọ́kẹ́lẹ́ òkè òkun kan lọ́wọ́ kọngílá kan ní Àkúrẹ́. Mọ́tò náà tóbi bíi yàrá, ẹ lè tẹ́ ẹní sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kẹ́ ẹ sùn. Wọ́n ní bí kọngílá yẹn ṣe ń ka owó ló ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí bàbá mi ti bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan tí rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n dí i, ó kan kabúrétọ̀, mọ́tò wá ń mu epo bí ẹni pé a ní kànga epo lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tún ìyẹn ṣe, búrẹ́èkì kò mú mọ́. Sáléńsà já bọ́ lójú ọ̀nà ọjà, gbogbo ayé ń wò wá. Èkó la ti ń ránṣẹ́ ra ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe, owó àpò kòkó kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn méjì. Mẹkáníìkì wa á jáde lábẹ́ rẹ̀, á nu ọwọ́, á ní, “Ọ̀gá, ohun kékeré ló kù.” Ọdún méjì gbáko ni ohun kékeré yẹn fi kù! Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Èyí tó wá burú jù ni pé mọ́tò náà kò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àfi kó yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wá sílẹ̀ kó tó lè sítáàtì. Bàbá mi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti mọ́tò òun láàárín ìlú, ó ní ẹ̀sín ni. Nítorí náà, ibi tó bá ti dagẹ̀rẹ́ nìkan ló ń gbé e sí, ìyá mi á bọ́ sílẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn, á fi òkúta há taya. Òótọ́ ni pé òkè kò wọ́n wa ní Ìdànrè, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà gbogbo èèyàn ló dagẹ̀rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tí ilé wọn wà nílẹ̀ títẹ́jú kò fojú kàn án mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa náà wà nílẹ̀ títẹ́jú. Mọ́tò á gbé wa kọjá ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìdí àpáta kan lọ́hùn-ún, a ó wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn padà nínú súùtánà funfun. Àwọn tí kò ní mọ́tò á ti jókòó, wọ́n á ti kọrin tó méjì.

Ilé ìyá tó bí ìyá mi ńkọ́? Atosin ló wà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ọpọ́n. Kí a tó ní mọ́tò, gbogbo Sátidé la máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí i. Ìgbà tí mọ́tò dé, bàbá mi ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé àna òun mọ́, kí aráyé má baà sọ pé mọ́tò ti kú. Bí mọ́tò bá sì gbé wa débẹ̀, ta ni yóò sítáàtì rẹ̀? Bí ọdún kan ṣe kọjá nìyẹn tí a kò rí màmá àgbà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pé ara màmá àgbà kò yá. Ìyá mi wọ aṣọ, ó lọ dúró ti mọ́tò. Bàbá mi ní, “Ní sùúrù di Sátidé. Mẹkáníìkì ní ohun kékeré ló kù.” Sátidé mẹ́ta kọjá. Ní ìkẹrin, ìyá mi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kó iṣu sínú agbọ̀n, ó fà mí lọ́wọ́, a gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà kọjá. Kò tó wákàtí kan tí a fi dé Atosin. Kò tó wákàtí kan, ẹ̀yin èèyàn mi!

Màmá àgbà ti rù gan-an. Ó wo eruku ẹsẹ̀ wa.

“Mọ́tò yín dà?”

Ìyá mi ní wọ́n ń tún un ṣe.

“Kí ẹ tó ra mọ́tò, kí ló ń gbé yín wá sí ulé mi?”

Bí àwọn àgbà Ìdànrè ṣe ń pe ilé nìyẹn. Ìyá mi gbé agbọ̀n iṣu kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún. Ọjọ́ karùn-ún ni màmá àgbà kú.

Ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni mọ́tò wá yá. Mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́, ó sì sítáàtì. Bàbá mi wà á dé Atosin, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà màmá àgbà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó pa á. Kò jí mọ́. Gbogbo ọkùnrin tó wá síbi ìsìnkú tì í títí ó fi rẹ̀ wọ́n, níṣojú gbogbo ìlú tí bàbá mi ń sá fún. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó bá wa fẹsẹ̀ rìn padà sílé ní Odode. Ibẹ̀ ni mọ́tò náà wà tí ìpẹtà fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn ará ilé màmá àgbà ń sá kòkó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń gbẹ dáadáa. Ohun tó jẹ kòkó wa, òun ló wá ń bá wọn sá kòkó tiwọn.

Ayé ti yí padà báyìí. Mọ́tò ti wà tí kò tilẹ̀ nílò kọ́kọ́rọ́, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń sítáàtì. Àkọ́bí mi tó wà ní Èkó ní ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè é lórí fóònù, mo bi í pé ó ti tó oṣù mélòó tó rí mi gbẹ̀yìn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ohun kékeré ló kù.”

Mo ní kó fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó wọ bọ́ọ̀sì.