Ìrù Ejò Tí Mo Rí ní Cinco Ranch

Ìlú ni wọ́n bí mi sí. Oko bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé ibẹ̀ láyé mi. Gbogbo ejò tí mo mọ̀, inú àlọ́ ni mo ti mọ̀ wọ́n, lórí ẹní, lábẹ́ òṣùpá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Basit ọmọ mi mú mi wá sí ilé wọn ní Cinco Ranch, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, kí n wá bá wọn tọ́jú Ramlat, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, mo sọ fún Simbiat ìyàwó rẹ̀ pé kò sí ẹranko tí n kò mọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Simbiat ti fẹ́ gbé ọmọ lọ sí daycare, ilé ìtọ́jú ọmọ, tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ó ní kò burú, ká fi oṣù kan dán an wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án gangan, mo tẹ́ aṣọ sórí koríko ẹ̀yìnkùlé fún Ramlat. Nǹkan kan ré kọjá fìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kí n tó yíjú, ó ti wọ abẹ́ pákó ọgbà náà, ó ti bọ́ sínú pápá. Mo gbé ọmọ, mo sá wọlé. Bàtà mi kan kù síta.

Kí Simbiat tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ náà ti di àlọ́ lẹ́nu mi. Mo ní ṣèbé ni. Mo ní ó nàró, ó wú ọrùn. Nígbà tí Basit fi máa wọlé, mo ti fi ogbe àkùkọ lé e lórí.

“Màámi, ogbe kẹ̀?”

“Ogbe pupa.”

“Ṣé ó kọ bí àkùkọ náà ni?”

Mo rò ó. “Ó kọ díẹ̀.”

Simbiat kò rẹ́rìn-ín. Ó mú fọ́ọ̀mù daycare jáde. “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ilé tí irú ejò bẹ́ẹ̀ wà, ọmọ mi ò lè máa rá níbẹ̀.”

Ejò ò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹnu mi ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe Helen, ìyá àgbà òyìnbó tó múlé tì wá. Òun ni ọmọ oko gidi. Simbiat ń túmọ̀.

“Wọ́n ní báwo ni orí ejò náà ṣe rí?”

“N kò rí orí.”

“Ọrùn tó wú ńkọ́?”

“N kò rí ọrùn.”

Basit yíjú sí mi. “Ogbe ńkọ́, Màámi?”

“Ogbe wo? Ìrù nìkan ni mo rí.”

Ojú tì mí débi pé mo ń bá Ramlat tún aṣọ tí kò yẹ̀ ṣe.

Helen ní kí n sọ bí ìrù náà ṣe rí. Mo ní ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ sì dà bí kòbókò tí wọ́n fi awọ hun. Ẹ̀rín pa á. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀sán ló ń jáde, eré ló mọ̀ ọ́n sá, kò lóró, alángbá àti eku ló ń jẹ, àfi kéèyàn dì í mú kó tó buni jẹ.

Simbiat túmọ̀ tán, ó kọjú sí mi.

“Mọ́mì, tí ọmọ bá ṣubú, ṣé bó ṣe ṣubú gan-an lẹ máa sọ fún mi?”

“Bó ṣe ṣubú gan-an.”

“Kò ní jẹ́ pé erin ló tì í?”

“Kò sí erin.”

Ó ti fọ́ọ̀mù náà bọ inú dúrọ́ọ̀. Kò ya á o.

Láti ìgbà náà, tó bá ti dé, mo máa ń ròyìn: ọmọ mu ẹ̀kọ, ó sùn, ó sunkún díẹ̀. Ìròyìn tí kò ní iyọ̀ rárá. Ẹnu ń yún mi láti fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.