Kànga Ṣáájú Búlọ́ọ̀kù

Àwọn ará Egan àtijọ́ ṣì máa ń pe Susanna Babárìndé ní obìnrin olóríkunkun. Èmi Ìyá Adéolú, tí mo ń ta kẹrosíìnì lódìkejì ọ̀nà sí i, mo ní ẹ jẹ́ kí orí náà kunkun bẹ́ẹ̀. Bó bá rọ̀ ni, ta ni ì bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí?

Ọdún tí iléeṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà kógbá sílé ni mo mọ̀ ọ́n. Opó ni, ọmọ mẹ́ta sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà náà, gbogbo ẹni tí ilé àyágbé ti sú ní Muṣin àti Òṣòdì ló ń wá ra ilẹ̀ sọ́dọ̀ wa, láti Igando títí dé Egan. Susanna wo gbogbo ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ kiri, ó ní búlọ́ọ̀kù lòun máa mọ tà. Bàbá Yésúfù, àgbà onílẹ̀ àdúgbò wa, yọ̀ǹda ilẹ̀ òfìfo kan fún un létí ọ̀nà.

"Mo fún ọ dìgbà òjò àkọ́rọ̀," ni bàbá wí. "Bí òjò bá dé tí mi ò rí i kí ọjà máa jáde níbẹ̀, àgbàdo ni màá gbìn síbẹ̀. Má wá bẹ̀ mí o."

Kò sì sí ilẹ̀ mìíràn tí apá rẹ̀ ká.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Zacchaeus, akọ̀wé ìjọba tó ń gbé nítòsí Ìyànà Ìpájà, gbọ́, ó sáré wá. Ọkùnrin yìí ti ń múra àtisin adìyẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àkùkọ kan ò tíì kọ nílé wọn.

"Àbúrò mi, a kì í kù gìrì wọ òwò," ni Zacchaeus wí. "Jókòó ná. Rò ó, kó o tún un rò. Tó bá dàmọ́dún, ká wá wò ó bóyá."

"Bọ̀dá mi, ẹ ti bá èmi náà rò ó tán," ni Susanna dá a lóhùn. "Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé."

Kó tó di ọjọ́ Sátidé, ó ti já yanrìn sílẹ̀. Ó gba ọkùnrin Ègùn méjì síṣẹ́, òun náà ró ìró rẹ̀ mọ́ àyà, ó gbá ṣọ́bìrì mú. Inú ọyẹ́ la wà. Kò pẹ́ tí búlọ́ọ̀kù fi kún ilẹ̀ náà lọ súà, àwa tí à ń wò ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni omi. Búlọ́ọ̀kù tuntun ń fẹ́ kí wọ́n máa bu omi wọ́n òun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó tó lè gbó. Táńkà ni Susanna gbọ́kàn lé, táńkà ò sì wá. Ọyẹ́ fa gbogbo omi ara búlọ́ọ̀kù gbẹ. Oníbàárà àkọ́kọ́ gbé ẹyọ kan sókè, ó fọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì dà sínú bàtà rẹ̀.

"Madam, ṣé gàrí lẹ̀ ń tà ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, làdúgbò bá sọ ọ́ ní Susanna Onígàrí.

Ó sunkún. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tó nujú tán, ó mú òòlù, ó fọ́ gbogbo búlọ́ọ̀kù náà, ó ru ú lọ dí kòtò ojú ọ̀nà níwájú ilé àwọn tó fi í ṣẹ̀sín jù. Ó ní kí wọ́n máa tẹ gàrí òun lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Zacchaeus dé. Inú rẹ̀ ń dùn, mo rí i lójú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n da kẹrosíìnì sí i láṣọ.

"Ṣé mi ò wí fún ẹ?" ló ń sọ.

"Ẹ wí, ẹ ní kí n má ṣe nǹkan kan," ni Susanna fèsì. "Ká ní mo gbọ́ tiyín ni, ǹ bá má mọ̀ títí dòní pé omi ni mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ tara mi jàre."

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣe. Ó gbé irin tó fi ń mọ búlọ́ọ̀kù sábẹ́ àtíbàbà, ó fi tápólì bò ó, ó lọ pe àwọn agbẹ́kànga. Gbogbo àdúgbò figbe ta. Òjò ń bọ̀, Bàbá Yésúfù ń bọ̀, búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ò sí nílẹ̀, obìnrin yìí ń gbẹ́ kòtò! Èmi gan-an lọ bá a, mo ní kó mọ ìwọ̀nba tó bá lè mọ, kí bàbá lè rí i pé ọjà ń jáde.

"Ìyá Adéolú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kànga ń sọ òótọ́," ló sọ fún mi. "Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lójú òjò, omi òkè ló ń tàn wọ́n jẹ. Omi lèmi fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n gbẹ́ amọ̀ funfun, omi ò jáde. Àwọn agbẹ́kànga ní ó ti sú àwọn. Susanna di okùn mú, ó ní òun ni yóò máa fa erùpẹ̀ jáde, kí wọ́n ṣáà máa gbẹ́. Nígbà tí omi wá sun, ó mọ́ gaara, ó tutù. Lásìkò yẹn, gbogbo kànga àdúgbò ti gbẹ. Kò lé ẹnikẹ́ni, kódà àwọn tó pè é ní Onígàrí ń wá pọnmi. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà wa náà ń wá pọn.

Ó padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Ó ń mọ, ó ń bomi wọ́n, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan fẹ́ kó èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lánàá, Susanna lé e, ó ní kò tíì gbó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Susanna! Ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Yésúfù dé tòun ti ọkọ́ àti àpò àgbàdo, ó dúró, ó ń wo sánmà. Ibẹ̀ náà ni Alàgbà Adéríbigbé ti ìjọ aláṣọ funfun bá wa, nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Inú àgọ́ onípákó ni wọ́n ti ń jọ́sìn, wọ́n wá fẹ́ kọ́ ilé ìsìn tuntun. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan dé èjìká, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Gbì! Kò sán. Ó tún gbé òmíràn. Kò sán.

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "A máa kó gbogbo ẹ̀, títí kan ti pẹpẹ. Àwọn wo ló ń mọ ọ́n?"

"Èmi ni, àwọn méjì yìí sì ń ràn mí lọ́wọ́."

Ojú Alàgbà yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Arábìnrin, obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ wa. Ẹ ṣáà sọ pé àwọn ọkùnrin yìí ló mọ ọ́n, ká parí ẹ̀ síbẹ̀."

Mo ṣẹ́jú sí Susanna títí ojú fẹ́ yọ lórí mi. Kó ṣáà ti pa irọ́ kékeré yẹn! Bàbá Yésúfù ti ń tú ẹnu àpò rẹ̀.

"Èmi ni mo mọ ọ́n," ni Susanna wí.

"Ó dáa. Igando la ó ti lọ rà á." Alàgbà yíjú sẹ́yìn, ó pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ rẹ̀ tó ń rọ omi sí kẹ́ẹ̀gì létí kànga, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

"Alàgbà, ẹ dúró. Omi yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Omi àdúrà ni."

"Níbo lẹ ń gbé e sí?"

"Iwájú pẹpẹ."

"Ta ló gbẹ́ kànga?"

Alàgbà yíjú sí kànga.

"Èmi obìnrin yìí ni!" Susanna na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ ọn dé ìgbọ̀nwọ́. "Mo ti ń dé iwájú pẹpẹ yín látìgbà tí kànga yín ti gbẹ, Ọlọ́run ò lé mi. Bí ọwọ́ mi bá lè ba búlọ́ọ̀kù jẹ́, ẹ da omi yẹn nù lójú mi níbí, kẹ́ ẹ lọ wá omi ọkùnrin lọ sí Igando!"

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ń wo Alàgbà, Alàgbà ń wo kẹ́ẹ̀gì. Ààrá sán lápá Òkè-Odò. Alàgbà ní kí wọ́n gbé omi lọ síwájú pẹpẹ, kí wọ́n sì pe ọkọ̀ wá kó búlọ́ọ̀kù kí òjò tó dé.

Wọ́n ń kó o lọ́wọ́ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Yésúfù di ẹnu àpò àgbàdo rẹ̀, ó ní òun mọ ibòmíràn tí òun máa gbìn ín sí.

Ilé ìsìn náà wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀ẹ̀kan ni Susanna wọ inú rẹ̀, lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́ èrò sọ́nà sáré pàdé wa, ó ní kí àwa obìnrin má kọjá ìlà tó wà níwájú pẹpẹ yẹn. Susanna fa àga, ó jókòó.

"Ẹ má ṣèyọnu," ló wí. "Mo ti wà lára ògiri ọ̀hún."